Ìwé Ìbúra Kóòtù: Ṣé Ó Ṣojú Ẹni Tó Lu Òǹtẹ̀?

Ẹni tí síìmù fóònù rẹ̀ sọnù, wọn a ní kó lọ gba ìwé ìbúra wá ní kóòtù. Ẹni tó fẹ́ yí orúkọ padà, ẹni tí sátífíkéètì rẹ̀ bá iná lọ, àgbàlagbà tí wọn kò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, olóṣèlú tó ń kún fọ́ọ̀mù EC9 ti INEC, ẹbí tó ti ń bá ẹjọ́ ilẹ̀ bọ̀ láti ọdún gbọọrọ: ojú kàńtà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà tí kò tíì dúró níwájú adájọ́ rí láyé rẹ̀, tó jẹ́ pé ìwé ìbúra nìkan ló pa òun àti kóòtù pọ̀.

Ìdí tí ìwé náà fi níyì kò lọ́jú pọ̀. Ẹnu ènìyàn tí a gbé sórí bébà ni. Kóòtù gbà kí bébà dúró fún ẹni náà níbi tí kò sí, nítorí pé ó ti fi Bíbélì, Kùránì tàbí ohun mìíràn tó kà sí mímọ́ búra níwájú ẹni tí òfin yàn. Bí ìbúra náà kò bá wáyé, tàbí tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló fọwọ́ sí i, bébà lásán ló kù, bó ti wù kí òǹtẹ̀ orí rẹ̀ pọ́n tó.

Nǹkan sì ń wọ́ lọ́nà púpọ̀. Lọ́yà a ní kí oníbàárà fọwọ́ sí i ní ọ́fíìsì òun, akọ̀wé rẹ̀ a sì gbé òkìtì ìwé lọ sí kóòtù kí wọ́n bá a lu òǹtẹ̀. Ẹlòmíràn a fọwọ́ sí i dípò ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Alágbàtà tó dúró lẹ́nu géètì a ta ìwé tí kò wọ ọgbà kóòtù rárá, tí òǹtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ayédèrú. Wọn a yọ ewé kan lẹ́yìn ìbúra, wọn a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé a tẹ̀ka sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà sí i létí. Bí a ṣe lè dí àwọn ihò wọ̀nyí ni ìbéèrè tó wà nílẹ̀. Àwọn adájọ́, àwọn agbẹjọ́rò, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù àti àwọn tó ń tún òfin ṣe ti dáhùn rẹ̀ lóríṣiríṣi, ìdáhùn wọn kò sì bára mu.

Ohun tí "níṣojú mi" túmọ̀ sí

Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ló kó ìlànà ìwé ìbúra jọ, láti abala 107 títí dé abala 120. Abala 115 ní ohun tí ẹni fúnra rẹ̀ mọ̀, tàbí ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tó sì gbà pé òótọ́ ni, nìkan ni kó wà nínú rẹ̀. Kò sí ààyè fún ẹ̀bẹ̀ tàbí àríyànjiyàn òfin. Abala 117 ní kí ẹni tó búra fọwọ́ sí i, bí kò bá sì mọ̀wé kọ, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí i níwájú ẹni tó ń gba ìbúra. Abala 118 kò gbà kí wọ́n yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìbúra láì tún un búra.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ewé tó kẹ́yìn ìwé ìbúra dáadáa. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó búra ń fọwọ́ sí. Lábẹ́ rẹ̀ ni gbólóhùn tó sọ pé wọ́n búra rẹ̀ ní rẹ́jísìtìrì kóòtù báyìí, ní ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí, pẹ̀lú àlàfo tó yẹ kí wọ́n fi bírò dí lójú ẹsẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó túmọ̀ sí "níṣojú mi", tí kọmíṣánnà tó ń gba ìbúra fọwọ́ sí, tó sì lu òǹtẹ̀ lé. Gbogbo ìwé náà rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Kọmíṣánnà kò sọ pé òótọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé. Ìyẹn kò kàn án. Ohun tó ń jẹ́rìí sí ni pé ẹni yìí wá, ó búra, ó fọwọ́ sí i, ó sì ṣojú òun kòró.

Nítorí náà, bí ìwé bá dé orí kàńtà tí ìfọwọ́sí ti wà lórí rẹ̀ láti ilé, tí òṣìṣẹ́ sì lu òǹtẹ̀ láì gbójú sókè, ẹni méjì ló ti purọ́ lórí ewé kan ṣoṣo. Èkejì wọn sì ni ẹni tí ìjọba gbé síbẹ̀ kí irọ́ má bàa kọjá. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà, mo sì fẹ́ kí òǹkàwé fi wọn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tó ń bọ̀ nísàlẹ̀: ṣé ó ń dáàbò bo bébà ni, àbí ó ń dáàbò bo ìpàdé ẹni tó búra àti ẹni tó gba ìbúra?

Àwọn tó ní kí òfin le koko

Àwọn àkọ́kọ́ ní kí kóòtù máa da gbogbo ìwé tí ìbúra rẹ̀ kò bá òfin mu nù, kí ojú àwọn agbẹjọ́rò lè là. Wọ́n ní òfin lẹ́yìn wọn. Abala 112 sọ pé kóòtù kò gbọdọ̀ gba ìwé ìbúra tó bá hàn pé iwájú ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ mú un wá, tàbí lọ́yà rẹ̀, tàbí akọ̀wé lọ́yà rẹ̀ ni wọ́n ti búra. Nínú ẹjọ́ Buhari àti INEC ní 2008, lórí ìdìbò ààrẹ ti 2007, ẹ̀rí tí àwọn ẹlẹ́rìí kọ sílẹ̀ ṣubú torí pé nótárì tó gba ìbúra wọn wà lára àwọn agbẹjọ́rò ẹni tó pe ẹjọ́. Ní 2016, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tún sọ nínú ẹjọ́ mìíràn pé ohun tí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí ní ọ́fíìsì lọ́yà, tí kì í ṣe níwájú kọmíṣánnà, kò lè jẹ́ ẹ̀rí tí a búra.

Agbára ìdáhùn yìí ni pé ó yé tàgbà tèwe. Kò fi ààyè sílẹ̀ fún àwáwí, ó sì gbé ẹrù náà lé agbẹjọ́rò lórí, ẹni tó mọ òfin jù lọ nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Lọ́yà tí ẹjọ́ rẹ̀ ti dànù lẹ́ẹ̀kan kò ní rán akọ̀wé lọ mọ́.

Ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ kò kéré. Láti ìgbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó ti mú ìlànà wá ní 2004 pé kí wọ́n kó ẹ̀rí gbogbo ẹlẹ́rìí sílẹ̀ ní kíkọ, pẹ̀lú ìbúra, láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, tí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀ lé e, ìbéèrè kan ti di ohun ìjà lọ́wọ́ lọ́yà alátakò. Yóò gbé ìwé náà fún ẹlẹ́rìí nínú àpótí ẹ̀rí, yóò sì bi í pé: "Níbo lẹ ti fọwọ́ sí ìwé yìí?" Ẹlẹ́rìí olóòótọ́, tí kò mọ ohun tó wà nídìí ìbéèrè náà, yóò dáhùn pé ọ́fíìsì lọ́yà òun ni. Ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó bá purọ́, tó ní kóòtù lòun ti fọwọ́ sí i, ẹ̀rí tirẹ̀ yóò dúró. Òfin tí wọ́n ṣe láti gbógun ti irọ́ wá di èyí tó ń jẹ olóòótọ́ níyà. Oníbàárà ló sì ń pàdánù ilẹ̀ tàbí ogún rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lọ́yà ló sọ fún un ibi tí yóò ti fọwọ́ sí i.

Àwọn tó ní kí a má fi àṣìṣe pa ẹjọ́

Àwọn wọ̀nyí náà kò ṣaláì ní òfin lọ́wọ́. Abala 113 gba kóòtù láàyè láti lo ìwé ìbúra tí ètò rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, bí ó bá ṣáà ti dá a lójú pé iwájú ẹni tí òfin yàn ni wọ́n ti búra. Abala 114 gbà kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì tún un búra. Ìdájọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kan ní 2010 fi kún un pé bí ẹlẹ́rìí bá ti wọ inú àpótí, tó búra tuntun níwájú adájọ́, tó sì sọ pé òun gba ohun tó wà nínú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí òun, àbùkù ti àkọ́kọ́ ti kúrò nílẹ̀.

Ohun tó dára níbẹ̀ hàn gbangba. Ìbúra tí adájọ́ fúnra rẹ̀ rí kò lè kéré sí èyí tí òṣìṣẹ́ kàńtà gbà. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ kò sì ní pàdánù nítorí ibi tí bírò ti kan bébà.

Ibi tí kò ti tó ni pé ìwòsàn yìí wà fún ìwé tí ẹni tó ni ín yóò wá dúró tì ní kóòtù nìkan. Ìwé ìbúra tí wọ́n fi ń ti ẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn níwájú adájọ́, adájọ́ sábà máa ń kà á lásán ni, láì rí ẹni tó búra. Àyàfi tí ìwé ti ọ̀tún àti ti òsì bá tako ara wọn ni abala 116 ń pe ẹni náà wá sọ̀rọ̀. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí, ti orúkọ àti ti síìmù ńkọ́? Wọn kì í dé iwájú adájọ́ láéláé. Àwọn wọ̀nyí ló wọ́pọ̀ jù, àwọn ló sì rọrùn jù láti yí.

Ẹni tí kò mọ̀wé, àti ògbufọ̀ rẹ̀

Mo ya èyí sọ́tọ̀ torí pé ọ̀rọ̀ àwa tó ń sọ Yorùbá ni ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ìwé ìbúra ní kóòtù wa, bí ẹni tó ń búra kò tilẹ̀ gbọ́ ju Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì lọ. Abala 119 ní bí ẹni náà kò bá mọ̀wé, tàbí tó jẹ́ afọ́jú, kí ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì sọ pé wọ́n kà á tàbí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì jọ pé ó yé e.

Àwọn kan gbà pé gbólóhùn yìí tó. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ ìwé, tí orúkọ ògbufọ̀ sì wà níbẹ̀, ààbò ti wà. Àwọn mìíràn sọ pé gbólóhùn tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ kí ìyá àgbà tó kúrò nílé kò lè jẹ́rìí pé ọ̀rọ̀ yé ìyá àgbà. Wọ́n tún bèèrè ẹni tí ògbufọ̀ náà jẹ́. Bí ó bá jẹ́ akọ̀wé lọ́yà, ẹnu ẹni tó ń wá owó ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ gbà dé etí ẹni tó ń búra. Àbá wọn ni kí wọ́n kọ ẹ̀rí náà ní Yorùbá, gẹ́gẹ́ bó ti ti ẹnu ẹni náà jáde, kí wọ́n tẹ̀ka sí ti Yorùbá, kí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ti gba irú èyí: láti oṣù Igbe 2020, òfin kóòtù wọn ní kí ẹ̀rí ẹlẹ́rìí wà ní èdè tí ẹlẹ́rìí ń sọ, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ohun tó ń dí àbá yìí lọ́wọ́ níhìn-ín ni owó àti àkókò, pẹ̀lú pé ògbufọ̀ tó lè kọ Yorùbá tó já gaara kò pọ̀ ní kóòtù.

Ìjìyà fún ìbúra èké

Àwọn kan sọ pé kò sí ìlànà tuntun tí a nílò, kí wọ́n ṣáà fi ẹni mélòó kan ṣe àpẹẹrẹ. Òfin Ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ń lò gbé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 kalẹ̀ fún ìbúra èké nínú ẹjọ́. Ìjìyà yẹn tó láti ba ènìyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Òfin kan náà kò gbà kí wọ́n fi ẹnu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo dá ẹni lẹ́bi ìbúra èké, ọlọ́pàá tí iṣẹ́ sì ti wọ̀ lọ́rùn kì í ka ìwé ìbúra síìmù sí nǹkan bàbàrà.

Ìṣòro tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tún wà, tí àwọn tó fẹ́ràn ìjìyà kì í fẹ́ mẹ́nu bà. Ẹ̀sùn ìbúra èké ń bèèrè pé ṣé irọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé. Kò bèèrè pé ṣé ẹni náà wá sí kóòtù. Ẹni tó kọ òtítọ́ pọ́nbélé ṣùgbọ́n tó rán ọmọ rẹ̀ lọ, ẹ̀sùn yìí kò mú un. Ẹni tó sì purọ́ lè sọ pé, "Èmi kò búra rí. Mi ò dé ibẹ̀." Òótọ́ ló sì sọ! Bí ìbúra kò bá wáyé, báwo la ṣe fẹ́ fi ìbúra èké kàn án? Ó kù kí wọ́n wá ẹ̀sùn mìíràn tí yóò bá a mu, bíi ayédèrú ìwé.

Ẹ̀ka kan nínú àwọn wọ̀nyí ní kí a padà sí ìbúra àbáláyé, kí ènìyàn fẹnu kan irin, kí ó fi Ògún búra, torí pé ìyẹn ṣì ń ba Yorùbá lẹ́rù. Kì í ṣe ohun àjèjì. Ní kóòtù ìbílẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ti fi irin búra. Ṣùgbọ́n abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti fún oníkálukú lómìnira ẹ̀sìn, a kò sì lè fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí kò wá síwájú kọmíṣánnà kò ní wá síwájú irin.

Ta ló yẹ kí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́jísìtìrì àti ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò rí ìṣòro náà bí ọ̀rọ̀ èrò. Ènìyàn pọ̀ lójú kàńtà, òṣìṣẹ́ kò tó, àwọn alágbàtà sì ń jẹun nínú ìkánjú. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kóòtù, JUSUN, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Igbe sí oṣù Òkudù 2021, ó lé ní oṣù méjì tí rẹ́jísìtìrì fi wà ní títì, ìwé ìbúra kò sì ṣeé gbà níbẹ̀. Àbá wọn ni kí a tú àṣẹ náà ká: kí nótárì pọ̀ sí i, kí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ náà lè gba ìbúra fún àwọn ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí Houston ti mọ ọ̀nà yìí. Òfin Ẹ̀rí gbà kí wọ́n búra níwájú nótárì ibẹ̀ tàbí ní ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà, kí wọ́n sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sílé.

Àwọn tó ń takò ó sọ pé bí òǹtẹ̀ bá pọ̀, ẹni tí yóò máa ṣọ́ wọn yóò dín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ń dá wọn láre. Ní 2010, àṣírí tú pé àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti ti iléeṣẹ́ tó ń gba gbèsè ilé ń fọwọ́ sí ìwé ìbúra láì ka ohun tó wà nínú rẹ̀, nótárì sì ń lu òǹtẹ̀ láì rí wọn. Òṣìṣẹ́ kan jẹ́wọ́ lábẹ́ ìbúra pé nǹkan bíi 10,000 ìwé lòun ń fọwọ́ sí lóṣù. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, fún ogúnjọ́ lóṣù, kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ láti fi ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí kò bá tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn kún un. Ìwé wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń lé àwọn ènìyàn jáde nínú ilé wọn. Ní oṣù Èrèlé 2012, báńkì ńlá márùn-ún bá ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ 49 ṣe àdéhùn bílíọ̀nù 25 dọ́là lórí ọ̀rọ̀ náà. Orílẹ̀-èdè tí nótárì pọ̀ sí bí ilé ìtajà ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Nótárì tó pọ̀ kò dá ìwé tó ń wọ́ dúró. Àwọn tó ń ṣe ìwé náà kàn rí ẹni tí yóò bá wọn lu òǹtẹ̀ nítòsí ni.

Síbẹ̀, kò yẹ ká torí èyí da àbá náà nù. Ìyá tó wọ mọ́tò láti oko wá sí ìlú nítorí ìwé kan, tí wọ́n ní kó padà wá lọ́la, alágbàtà ni yóò gbà á sílẹ̀. Bí àṣẹ bá sún mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó yà sí ibi tó tọ́.

Ẹ̀rọ ayélujára àti fídíò

Ìdáhùn tó ń gbilẹ̀ jù lọ nísinsìnyí nìyí. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí Òfin Ẹ̀rí ní 2023 gbà kí ènìyàn búra níwájú ẹni tí òfin yàn nípasẹ̀ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán àti ohùn, kò di dandan kí ẹsẹ̀ wọn pàdé. Àwọn kóòtù kan ti ní ìkànnì tí ènìyàn ti ń kún ìwé ìbúra, tó ti ń san owó, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú àmì tí fóònù lè kà. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ NIN, nọ́ńbà oníka 11 tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà yẹ kó ní.

Ohun rere inú rẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ àti wákàtí kò ṣeé yí padà bíi ti bírò. Ewé kò ṣeé fà yọ. Alágbàtà ẹnu géètì kò ní ohun tí yóò tà mọ́. Bí wọ́n bá sì gba fídíò ìbúra sílẹ̀, ẹ̀rí wà tí adájọ́ lè wò, èyí tí ojú kàńtà kò fún wa rí. Ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, tó kọ́kọ́ gba irú ìbúra yìí láàyè ní 2012, ní kí nótárì tọ́jú fídíò náà fún ọdún márùn-ún ó kéré tán.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tí wọ́n sábà máa ń dà pọ̀. Ìbúra orí fídíò, níbi tí kọmíṣánnà ti ń wo ojú ẹni, jẹ́ nǹkan kan. Kíkún fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí ẹnikẹ́ni, jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá. Àmì tí fóònù ń kà lè fi hàn pé ọ̀dọ̀ kóòtù ni ìwé ti wá; kò lè fi hàn pé ẹni náà búra. NIN lè sọ ẹni tó ni orúkọ, ṣùgbọ́n ọmọ ilé lè mọ NIN bàbá rẹ̀ lórí. Bí a bá gbé òkìtì ìwé tí akọ̀wé ń kó lọ sí kàńtà wọ inú kọ̀ǹpútà, a wulẹ̀ mú kí ó yára ni.

Fídíò náà ní tirẹ̀. Ta ló dúró lẹ́yìn kámẹ́rà tó ń dún mọ̀huru mọ̀huru mọ́ ẹni tó ń búra? Ṣé ìwé tó wà lójú ẹ̀rọ ni ìwé tí ó fọwọ́ sí? Níbi tí iná kò sí, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, àgbà tí kò lo fóònù rí yóò tún ní alágbàtà tuntun tí yóò bá a di ẹ̀rọ mú. Ìlú òkèèrè pàápàá kò tíì fẹnu kò: ní South Africa, kóòtù kan gba irú ìwé ìbúra bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ báńkì kan ní 2022, ṣùgbọ́n ní 2024 Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Pretoria kọ̀ láti kéde pé "níwájú" nínú òfin wọn lè túmọ̀ sí orí fídíò.

Kí a pa ìbúra tì

Láti oṣù Igbe 1999, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi dandan ìbúra lé ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀rí nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Ẹlẹ́rìí yóò kọ sí ìsàlẹ̀ pé òótọ́ ni ohun tí òun sọ, yóò fọwọ́ sí i níbi tó bá wù ú, ó parí. Bí ó bá purọ́, ẹ̀sùn títàpá sí kóòtù ń dúró dè é, láti 2020 sì ni gbólóhùn náà ti gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójú ewé. Ìwé ìbúra ṣì wà fún ohun tó le, bíi àṣẹ tó ń fi dúkìá ẹni sínú àhámọ́. Amẹ́ríkà ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ fún kóòtù ìjọba àpapọ̀ láti 1976.

Àwọn tó fẹ́ ẹ fún Nàìjíríà sọ pé yóò mú irọ́ òǹtẹ̀ kúrò pátápátá: bí a kò bá ní kí ẹnikẹ́ni sọ pé "níṣojú mi", kò sẹ́ni tí yóò fi purọ́. Ìbéèrè pé "níbo lẹ ti fọwọ́ sí i" náà yóò kú. Òótọ́ ni, ó sì ṣe mí bíi kí n gbà. Ohun tó dá mi dúró ni pé ìlànà yẹn gbé gbogbo ara lé ìjìyà, bẹ́ẹ̀ a ti rí i bí ìjìyà ṣe rí níhìn-ín. Nǹkan kan tún wà nínú kí ènìyàn dìde, kí ó gbé ìwé mímọ́ sọ́wọ́, kí ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó rọrùn fún láti fọwọ́ sí irọ́, ó lè má rọrùn fún un láti fi ẹnu pe irọ́ náà níwájú ẹni tó ń wo ojú rẹ̀.

Kí ẹni tó ń gba ìwé náà wádìí

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń sọ ọ́ kò pọ̀. Báńkì, ilé-ẹ̀kọ́, iléeṣẹ́ fóònù àti ọ́fíìsì aṣojú ìlú òkèèrè ló ń béèrè ìwé ìbúra, ṣùgbọ́n fáìlì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi sí. Bí wọ́n bá ń kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ rẹ́jísìtìrì, ayédèrú kò ní tà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú ìwé tirẹ̀, orí bébà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀wàrà 2020, ọjọ́ tí iná sun Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Igbosere l'Ékòó, ó hàn bí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ṣe lè di eérú lọ́jọ́ kan.

Àwọn kan yóò ní òǹtẹ̀ tí kò ṣeé ṣe ayédèrú ni ojútùú, bíi ti ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò NBA tó di dandan ní 2015. Èyí wúlò, ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ Yaki àti Bagudu lọ́dún yẹn kan náà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìwé tí òǹtẹ̀ yẹn kò sí lára rẹ̀ kò kú, ó kàn ń dúró de àtúnṣe ni. Òǹtẹ̀ lè sọ ẹni tó kọ ìwé. Ẹni tó wá búra, kò lè sọ ọ́.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ó dá mi lójú pé ohunkóhun tí kò bá mú kí ojú kan ojú kò lè dí ihò tó tóbi jù. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí.

Àtúnṣe 2023 ti gba fídíò wọlé, ṣùgbọ́n ta ni yóò tọ́jú fídíò náà, fún ọdún mélòó, ta ló sì lè bèèrè láti wò ó? Bí wọn kò bá gba ìran náà sílẹ̀ rárá, ṣé ìbúra náà dúró?

Ṣé ìbúra tuntun nínú àpótí ẹ̀rí ń wo ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọ́fíìsì lọ́yà sàn, àbí ìwé náà ti kú kí ó tó dé ibẹ̀? Ìdájọ́ ti 2010 àti ti 2016 kò kọjú síbì kan náà, àwọn agbẹjọ́rò sì ń mú èyí tó bá gbè wọ́n.

Kí ni orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ òṣìṣẹ́ tó kọ "níṣojú mi" sí ohun tí kò ṣojú rẹ̀? Gbogbo ìdáhùn tí a tò yìí ń bá ẹni tó búra àti lọ́yà rẹ̀ wí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa ẹni tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ìyá tó tẹ̀ka sí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Bí ó bá dúró níwájú adájọ́ lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn náà, tó ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe ohun tí òun sọ, èwo ni kóòtù yóò gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí rẹ̀: ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, tàbí ìka rẹ̀ tó wà lórí bébà?